Èérí Ọkà Láti Alákijà

Kò sí ọgbà láàárín ilé Àlàájì Hàmídù àti ilé Adébánjí. Nínú kúlóòsì wọn ní Festac, gbogbo ilé yòókù ti mọ odi yí ara wọn ká, wọ́n sì ti fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún dé e lórí, àfi àwọn méjèèjì yìí. Koríko ló wà láàárín wọn, pápá kékeré kan tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn Adébánjí tó sì parí sí ẹnu ọ̀nà Hàmídù. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ti ẹnì kan pin sí tí ti ẹnì kejì ti bẹ̀rẹ̀.

Ọlábùnmí, ìyàwó Adébánjí, ló gbin koríko náà nígbà tí Débọ́lá ọmọ wọn obìnrin ṣì ń rá. Díẹ̀díẹ̀ ló gbìn ín, ìdì kan lónìí, ìdì kan lọ́la, bí onídìrí tó fara balẹ̀ ń dirun fún ọmọ. Tí ọmọ aládùúgbò bá fi kẹ̀kẹ́ gun orí ẹ̀, ohùn Ọlábùnmí á ti jáde láti kíṣíìnì kí kẹ̀kẹ́ náà tó dúró. Hàmídù nìkan ló gbà láyè láti máa tẹ́ ẹní síbẹ̀. Láti ìgbà tí Hàmídù ti fa ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Mazamaza, níbi tó ti ń ta mílíìkì, ṣúgà àti sẹmó, lé Waris ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó máa ń tètè wálé. Á ṣe àlùwàlá, á jáde sórí koríko, á kí ìrun Alásárì. Adébánjí, tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, á gbé àga jáde, á ṣí ìwé ìròyìn, á sì dákẹ́ minimini títí ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò fi sálámà. Ìgbà náà ni wọn á wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, látorí orúnkún tó ń dùn wọ́n títí dé orí ẹni tó kàn tó máa sọ ilé rẹ̀ di òtẹ́ẹ̀lì ní àfẹ́núù tó kángun sí wọn. Hàmídù ń pè é ní Ọ̀gá Bánjí, òun náà ń pe Hàmídù ní Àlàájì, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá wọ̀ tán, "ìwọ" ni wọ́n ń pe ara wọn, bí ọmọ ìyá.

Hàmídù ló pa koríko náà.

Kì í ṣe pé ó mọ̀ọ́mọ̀. Nígbà ọyẹ́, omi ẹ̀rọ kò yọ mọ́, ó sì ní kí wọ́n wá gbẹ́ bòhóòlù tí ilé méjèèjì á jọ máa lò. Ọkọ̀ tí àwọn tó ń gbẹ́ ẹ gbé wá tóbi ju bó ṣe rò lọ. Ó gun orí koríko, ó yí, ó padà sẹ́yìn, ó tún yí. Ẹrẹ̀ funfun tó ń tú jáde látinú ihò náà bo ilẹ̀ bí ògì tó dànù, nígbà tí oòrùn sì gbẹ ẹ́ tán, ó le bíi sìmẹ́ńtì. Omi dára, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n koríko tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún pọ́n, ó gbẹ, ó kú pátápátá.

Ohun kan ṣoṣo tó yọ wọ́n ni pé Ọlábùnmí kò sí nílé. Ìyàwó ọmọ wọn ọkùnrin tó wà ní Kánádà ló bímọ, ó sì ti lọ bá wọn wẹ ọmọ. Ojoojúmọ́ ló ń fi fídíò pe ọkọ rẹ̀. Hàmídù ti rí Adébánjí níbi tó ti ń dá a lóhùn lójúde, tó gbé fóònù sókè débi pé orí pípá rẹ̀ àti ewé igi fúrúùtù nìkan ni obìnrin náà lè rí.

"O ò ṣe sọ fún un?" Hàmídù bi í lọ́jọ́ kan.

"Ìwọ ni kó o sọ fún un," Adébánjí dáhùn. "Ìwọ lo pe ọkọ̀ wá."

"Ìyàwó ẹ ni."

"Koríko tí o pa ni."

Àwọn méjèèjì ń wo ilẹ̀ funfun náà. Ní ti òdodo, kò sí èyí tí kò bẹ̀rù Ọlábùnmí nínú wọn, ìbẹ̀rù tí èèyàn fi ń bẹ̀rù ẹni tó fẹ́ràn.

Lẹ́yìn tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ tí ilẹ̀ náà ò sì mira, Hàmídù dé láti Mazamaza lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bá Adébánjí níbi tó ti ń fa àpò ńlá jáde látẹ̀yìn mọ́tò rẹ̀. Omi ń ro tótó láti ìdí àpò.

"Kí nìyẹn?"

"Èérí ọkà. Wọ́n ní ó ń jí ilẹ̀ tó ti kú."

"Ta ló ń sẹ́ ògì tí èérí ẹ̀ pọ̀ tó báyìí?"

"Ibì kan ni, ní Alákijà," Adébánjí ní, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti fa àpò mìíràn.

Inú Hàmídù dùn ju bó ṣe fi hàn lọ. Ọ̀rọ̀ koríko yìí ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, ó ń wò ó bí gbèsè tí ẹnikẹ́ni ò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ká ṣòkòtò sókè, ó bọ́ bàtà, ó bu èérí náà lọ́wọ́. Ó gbóná díẹ̀, ó rọ̀, òórùn rẹ̀ sì dùn bíi ti àgbàdo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sè. Àwọn bàbá méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n ọn káàkiri, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ wọ́n ń dìde.

"Má ṣahun," Adébánjí ń sọ. "Kó o sí i dáadáa. Ebi ń pa ilẹ̀ yìí."

Hàmídù kó o sí i. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, èérí náà nípọn bíi bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ fún àlejò pàtàkì. Wọ́n jókòó tì í, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ, inú wọn sì dùn.

Òjò rọ̀ sí i. Oòrùn mú tẹ̀lé e. Òjò tún rọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, eṣinṣin ti gba ojúde náà, òórùn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láti ilẹ̀, òórùn tó kan, tó ń ta sí imú. Clement, tó ń gbé ilé tó wà lópin kúlóòsì, gba ibẹ̀ kọjá nígbà tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì dúró.

"Àlàájì, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ má bínú sí mi o, ṣé ẹ ti ṣí ilé bíà ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, Hàmídù náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò kọjá eyín. Ó wọlé, ó bá Sẹ̀gilọlá ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti ń ti fèrèsé.

"Bàbá Waris," Sẹ̀gilọlá ní, "òórùn ọtí nìyẹn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìwó, ilé ìyá tó ń pọn ọtí bàbà ló kángun sí tiwa. Kò sẹ́ni tó lè bá mi jiyàn lórí òórùn yìí."

Nígbà tí àsìkò Alásárì tó, Hàmídù jáde, ẹní rẹ̀ wà lábẹ́ apá, ṣùgbọ́n kò tẹ́ ẹ. Adébánjí ti wà lórí àga rẹ̀.

"Ọ̀gá Bánjí, kí ni wọ́n ń fi ọkà ṣe níbi tí o ti kó èérí yìí?"

Adébánjí ká ìwé ìròyìn ọwọ́ rẹ̀ sí méjì, ó tún ká a sí mẹ́rin. "Bíà ni wọ́n ń pọn," ó ní.

"O sì jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi fọ́n ọn síbi tí mo ti ń kírun."

"Mo fẹ́ sọ fún ẹ."

"Ìgbà wo?"

"Nígbà tí koríko bá hù."

Hàmídù mí kanlẹ̀. "Ta ni apọntí náà?"

Èyí gan-an ni Adébánjí ò fẹ́ dáhùn. Ó wo ilé tirẹ̀, ó wo ilé Hàmídù, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Débọ́lá ni," ó sọ. "Ó ti tó ọdún mẹ́ta."

Hàmídù mi orí. Kò pariwo, kò bú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó kàn yí padà pẹ̀lú ẹní rẹ̀, ó wọlé, ó sì kírun ní pálọ̀, láàárín àga àti tẹlifíṣọ̀n.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ èérí ló dùn ún jù. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni Débọ́lá ti kọ́ ìrìn. Nígbà ààwẹ̀, ọmọ náà á jí wá bá àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ sààrì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé á tún jẹ oúnjẹ àárọ̀ tó bá padà sílé wọn. Nígbà tí ibà fẹ́ẹ̀ mú un lọ lọ́dún kan tí bàbá rẹ̀ wà ní Abuja fún iṣẹ́ ìjọba, Hàmídù ló gbé e sẹ́yìn sáré nínú òjò títí wọ́n fi rí ọkọ̀. Bàbá Àlàájì ló ń pè é títí di òní. Tí wọ́n bá sì bi Hàmídù ní mọ́ṣáláṣí pé ọmọ mélòó ló ní, ó máa ń ka Débọ́lá mọ́ wọn, lẹ́yìn náà ni yóò wá ṣàlàyé. Ilé-iṣẹ́ oúnjẹ ni wọ́n sọ fún un pé ọmọ náà ń bá ṣiṣẹ́. Ọdún mẹ́ta ni gbogbo wọn fi jókòó tì í lórí koríko kan náà, tí wọ́n sì fi pa mọ́ fún un bí ẹni pé àlejò ni.

Bí àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ṣe rí nìyẹn. Adébánjí ń gbé àga jáde lóun nìkan, Hàmídù ń kírun nínú ilé, koríko ò hù, òórùn ò lọ. Sẹ̀gilọlá nìkan ni kò yí ìwà padà. Ó ń bu ọbẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ Adébánjí bó ṣe ń ṣe láti ìgbà tí Ọlábùnmí ti rìnrìn àjò.

"O ṣì ń gbé oúnjẹ fún un?" Hàmídù bi í.

"Èmi àti Bàbá Débọ́lá ò jà. Ẹ̀yin lẹ̀ ń jà." Ó gbé àwo sórí tábìlì, ó sì jókòó. "Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Ká ní ọmọ yẹn wá bá yín lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, tó kúnlẹ̀ síwájú yín, tó ní ọtí lòun fẹ́ máa pọn, kí lẹ bá ti sọ?"

Èsì tó wá sí Hàmídù lẹ́nu kò tẹ́ òun fúnra rẹ̀ lọ́rùn, ó sì dìde lọ ti fèrèsé.

Nígbà tí wọ́n kí ìrun Jímọ̀ tán, ó dúró títí àwọn èèyàn fi túká, ó sì kó ọ̀rọ̀ èérí náà síwájú ààfáà. Ààfáà gbọ́ ọ tán, ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀.

"Àlàájì, ẹ ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é? Ṣé ọtí wà lára èérí yẹn ni àbí kò sí?"

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ lọ mọ̀ ná. Mi ò lè dájọ́ ohun tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé e wá ò tíì rí."

Ohun tó gbé Hàmídù dé Alákijà nìyẹn. Ó wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá láti ẹnu géètì Festac, ó sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà Badagry, ó sì tẹ̀ lé àpèjúwe tó gbà lẹ́nu Waris. Ó yà á lẹ́nu pé Waris náà mọ ibẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu géètì aláwọ̀ ewé kan tí wọ́n júwe fún un, ó dúró. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Àlàájì tó ti yí Kàábà ká, tí wọ́n ń pè síwájú ní mọ́ṣáláṣí, ló dúró sẹ́nu ilé apọntí lọ́sàn-án gangan. Ó fa fìlà rẹ̀ wá síwájú orí. Obìnrin kan tó ń kiri búrẹ́dì kí i, "Bàbá, ẹ kú ọ̀sán o," ó sì dáhùn bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi olè. Lẹ́yìn náà ló kan ilẹ̀kùn.

Débọ́lá fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Bàtà rọ́bà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó fi sikáàfù dérí, òógùn sì bò ó lójú. Ó rí ẹni tó dúró níbẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ gbì sórí sìmẹ́ńtì tútù.

"Bàbá Àlàájì, ẹ káàsán, sà."

"Dìde. Omi wà nílẹ̀."

"Ẹ má bínú sí mi."

"Mo ti ń bínú. Ṣùgbọ́n oòrùn mú, jẹ́ kí n wọlé ná."

Ibi tó mú un wọ̀ kò jọ ohun tó rò. Kò sí tábìlì ọ̀mùtí, kò sí orin. Yàrá méjì ni, ó mọ́ bíi kíṣíìnì ilé ìwòsàn, ìkòkò irin ńláńlá mẹ́ta ló tò síbẹ̀, gáàsì ń jó lábẹ́ ọ̀kan. Òórùn ọkà gbígbóná gba gbogbo ilé. Hàmídù wá ìjókòó, kò rí i, ó sì jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì tí Débọ́lá dojú rẹ̀ délẹ̀ fún un.

"Fi hàn mí," ó ní. "Láti ìbẹ̀rẹ̀."

Débọ́lá fọwọ́ nu ojú, ó bẹ̀rẹ̀. "Ọkà nìyí, sà. Wọ́n ti jẹ́ kó hù díẹ̀, wọ́n wá sá a gbẹ. Èmi á lọ̀ ọ́, màá rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, omi yẹn ló máa fa adùn ẹ̀ jáde. Tí adùn ẹ̀ bá ti jáde tán, màá sẹ́ ẹ, bí wọ́n ṣe ń sẹ́ ògì gan-an. Èérí á bọ́ sápá ibí, omi á lọ sápá ọ̀hún."

"Níbo ni ọtí ti wọ̀ ọ́?"

"Lápá ọ̀hún, sà. Nínú omi. Tí mo bá ti sè é tó tutù, tí mo fi ìwúkàrà sí i, á wá wà nínú àgbá yẹn fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ibẹ̀ ló ti ń di ọtí."

"Nígbà yẹn, níbo ni èérí wà?"

"Á ti wà nínú àpò níta, sà. Tàbí lọ́wọ́ Dádì."

Hàmídù bi í ní ìbéèrè náà lọ́nà mìíràn, ó tún bi í lọ́nà kẹta, bó ṣe máa ń ṣe fún ẹni tó bá gbé ọjà tí kò dá a lójú wá sí Mazamaza. Èsì kan náà ló ń gbọ́. Ó dìde, ó ki ọwọ́ bọ èérí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lórí asẹ́, ó gbé e sí imú. Ọkà lásán ni.

"Kí ló wá dé tó ń rùn bí ọtí lójúde wa?"

Ojú Débọ́lá yí padà. "Báwo ni Dádì ṣe dà á, sà?"

Hàmídù gbé ọwọ́ kan sókè èkejì, ó fi bó ṣe nípọn tó hàn án. Débọ́lá wo àlàfo tó wà láàárín ọwọ́ méjèèjì, ó sì rọra jókòó sílẹ̀.

"Mo sọ fún Dádì pé kí wọ́n fọ́n ọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ẹni fọ́n iyọ̀ sórí ẹyin. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ pò ó mọ́ ewé gbígbẹ, kó wà lókìtì kó jẹrà ná. Tó bá nípọn báyẹn, tí òjò pa á, tí oòrùn tún pa á, á kan. Á bẹ̀rẹ̀ sí í di ọtí fúnra ẹ̀."

Hàmídù gbọn èérí kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. "A jẹ́ pé èmi àti bàbá ẹ la pọn ọtí lójúde," ó ní.

Débọ́lá fẹ́ pa ẹ̀rín mọ́ra, kò lè pa á mọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, nígbà tó sì yá, ẹ̀rín náà ti di ẹkún. Hàmídù jẹ́ kó sunkún tó bó ṣe fẹ́.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?" ó wá bi í.

"Ẹ rántí ọkùnrin kan tó wá bá yín ní ṣọ́ọ̀bù, tó fẹ́ kẹ́ ẹ máa ta bíà fún òun? Ẹ lé e. Ẹ ní kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà yín mọ́ láéláé. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, sà, ẹ ní kí n wá to mílíìkì. Mo wò ó pé tẹ́ ẹ bá gbọ́ tèmi, bí èmi náà ò ṣe ní lè wọ ilé yín mọ́ nìyẹn."

Hàmídù ò rántí ọkùnrin náà rárá. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ láàárín ìgbà tó ń gba owó tó ń fún èèyàn ní ṣéńjì, ọmọ kan ti gbé e dání láti ìgbà náà wá.

"Ọkùnrin yẹn kì í ṣe ọmọ mi," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. "Gbọ́, Débọ́lá. Mi ò fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, mi ò sì ní purọ́ fún ẹ pé mo fẹ́ràn ẹ̀. Mi ò ní ṣàdúà fún ọtí. Ṣùgbọ́n ìwọ, ojoojúmọ́ ni mo ń ṣàdúà fún ẹ, ìwọ pẹ̀lú Waris, mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń yọ orúkọ ọmọ kúrò nínú àdúà."

Débọ́lá lọ mú píọ̀ wọ́tà tútù wá, ó ya etí rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Hàmídù mu ún tán pátá, kó má bàa rò pé òun kò fẹ́ mu omi nílé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kó di èérí sínú àpò méjì fún òun.

Nígbà tí kẹ̀kẹ́ gbé e dé ẹnu ilé, Adébánjí ló bá lórí ilẹ̀ náà pẹ̀lú ṣọ́bìrì, tó ń fá èérí jíjẹrà kúrò lójú kan dé ojú kejì, tí àárẹ̀ sì ti mú un. Ó rí àpò méjèèjì, ó dáwọ́ dúró.

"O lọ síbẹ̀," ó ní.

"Mo lọ. Ọmọ ẹ ní o kì í gbọ́ràn."

"Ó sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Èmi ni mo túmọ̀ ẹ̀."

Adébánjí fi ara ti ṣọ́bìrì. "Àlàájì, ó yẹ kí n ti sọ fún ẹ."

"Ó yẹ."

"Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ẹ̀rù kí ni? Ṣé màá bá ẹ jà ni?"

"Rárá. Ẹ̀rù bà mí pé wàá mọ odi."

Hàmídù wò ó pẹ́. Ó rí i bó ti ṣe darúgbó, ó rí òógùn lọ́rùn rẹ̀ àti ẹrẹ̀ lórí sálúbàtà rẹ̀. "Odi?" ó ní. "Ṣé o mọ iye tí wọ́n ń ta búlọ́ọ̀kù báyìí ni? Sún sọ́hùn-ún, fún mi ní ṣọ́bìrì yẹn."

Wọ́n tún iṣẹ́ náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, bí Débọ́lá ṣe ní kí wọ́n ṣe é. Wọ́n fá èérí tó ti kan kúrò, wọ́n gbá ewé fúrúùtù gbígbẹ jọ káàkiri kúlóòsì, wọ́n pò wọ́n pọ̀ lókìtì lẹ́yìn ilé Adébánjí, wọ́n sì fi ọ̀rá dúdú bò ó. Tí wọ́n bá ṣí i láti yí i, ooru á máa jáde láti inú rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìkòkò móínmóín. Eṣinṣin lọ. Òórùn náà lọ, òórùn igbó lẹ́yìn òjò ló gba ipò rẹ̀. Waris wá lọ́jọ́ Sunday pẹ̀lú dígà, ó fọ́ ilẹ̀ funfun náà sí wẹ́wẹ́, ojú sì ń tì í díẹ̀ nítorí pé bàbá rẹ̀ ò tíì bi í bó ṣe mọ ọ̀nà Alákijà. Hàmídù ò sì bi í rárá.

Nígbà tí òkìtì náà ti dúdú tó ti di lẹ́búlẹ́bú, wọ́n fọ́n ọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ní gbogbo ìgbà tí Adébánjí bá fẹ́ bu púpọ̀, Hàmídù á wú ikọ́, á sì dá díẹ̀ padà. Clement fún wọn ní koríko tí wọ́n fà tu níwájú ilé tirẹ̀, ó ní ìtanràn àwàdà tóun ṣe nìyẹn, wọ́n sì gbìn ín ní ìdì kọ̀ọ̀kan. Òjò ń rọ̀ lákòókò. Lọ́jọ́ kan, Sẹ̀gilọlá ń gbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó pe ọkọ rẹ̀ jáde wá wò. Ekòló kan ló ń fà lọ lórí ilẹ̀ tó ti le bíi sìmẹ́ńtì tẹ́lẹ̀. Hàmídù lóṣòó tì í fúngbà pípẹ́. Kò rò ó rí pé inú òun lè dùn sí ekòló.

Ọjọ́ tí Ọlábùnmí máa dé, koríko náà ti bo ilẹ̀ dáadáa, àfi igun kan lẹ́bàá bòhóòlù tó ṣì ṣófo díẹ̀. Débọ́lá ló lọ gbé e ní pápákọ̀ òfuurufú. Ọlábùnmí sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, kò tíì kí ẹnikẹ́ni tán, ó ti bẹ̀rẹ̀, ó já koríko kan, ó gbé e sí ojú.

"Koríko mi kọ́ nìyí," ó ní. "Ewé tèmi fẹ̀ ju èyí lọ."

Adébánjí wo Hàmídù. Hàmídù wo ojú ọ̀run.

"Ẹ má wulẹ̀ wo ara yín. Débọ́lá ti sọ gbogbo ẹ̀ fún mi tipẹ́, ó tiẹ̀ fi fọ́tò ránṣẹ́. Mo kàn ń wò ó pé ìgbà wo lẹ máa sọ fún mi ni." Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Débọ́lá, láàárín àwọn oṣù tí mo lò lọ́hùn-ún, kò sí ewé igi fúrúùtù yìí tí mi ò mọ̀ lórúkọ-lórúkọ."

Sẹ̀gilọlá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí gbogbo ariwo ẹ̀rín náà rọlẹ̀, Ọlábùnmí sún mọ́ Hàmídù, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Àlàájì, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ lọ wo ọmọ yín."

Hàmídù gbé ọ̀kan lára àwọn báàgì obìnrin náà, ó sì ṣíwájú wọlé.

Láti ìgbà náà, ó ti padà sórí koríko. Ó sọ gbogbo bó ṣe rí fún ààfáà, ààfáà ní ọkà tó ti jẹrà di ilẹ̀, ilẹ̀ ni, kó tẹ́ ẹní rẹ̀ kó sì fọkàn balẹ̀. Lọ́jọ́ kan tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ pẹ̀lú Bàbá Àsmá'ù, ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní kúlóòsì kejì, ọkùnrin náà dúró wo ojúde náà.

"Ilẹ̀ yìí mà ti dáa o, Àlàájì. Ajílẹ̀ wo lẹ lò sí i?"

"Èérí ọkà. Ọmọ mi kan ló ń kó o fún wa láti Alákijà."

"Kí ni wọ́n ń fi ọkà ṣe níbẹ̀?"

Ó rọrùn láti sọ pé ògì ni. Ọ̀rọ̀ náà tiẹ̀ ti dé ahọ́n rẹ̀.

"Bíà ló ń pọn," Hàmídù ní.

Bàbá Àsmá'ù wo koríko, ó wo Hàmídù. "Ọmọ yín?"

"Ọmọ mi."

Hàmídù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un bí wọ́n ṣe ń rẹ ọkà, bí wọ́n ṣe ń sẹ́ ẹ, bí èérí ṣe ń bọ́ sápá kan kí ọtí tó dé rárá, ó ń fi ọwọ́ júwe, ó sì ń sin ọkùnrin náà lọ sílé bó ti ń sọ̀rọ̀. Bàbá Àsmá'ù ń mi orí, kò gbà, kò kọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu géètì rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ líle tó wà níwájú rẹ̀.

"Ṣé ẹ lè bá mi bi í bóyá àpò kan ṣẹ́kù?" ó ní.

"Màá bá yín bi í," Hàmídù dáhùn. "Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gbà á, ẹ má dà á nípọn."